Kòkòrò Tó Ń Pe Àgbà Ní "Ìwọ"

Kí kọ̀ǹpútà ilé wọn tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń retí láyé: kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tún pe òun ní "ìwọ".

Ẹni tí kò bá mọ ilé náà lè rò pé ohun kékeré nìyẹn. Alágogo ni Bàbá. Yàrá iwájú ilé ni ó ti ń tún aago ọwọ́ àti aago ara ògiri ṣe, lórí tábìlì tí ó tẹ́ aṣọ funfun sí kí irin wẹ́wẹ́ má bàa sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó mú aago wá fún un ní àdúgbò tí kò gbé e lọ lálàáfíà. Aago ìyá rẹ̀ nìkan ni kò rí ṣe. Nígbà tí ìyá wọn kú, ó gba aago ògiri náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ nu eruku inú rẹ̀ ni. Bó ṣe tú u palẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà ni aago ti ń gbé inú agolo bisikíìtì.

Ẹ̀gbọ́n kò pariwo, kò bú u, kò ké sí ẹbí. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ ni. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá alágogo. Ẹ bá wa kí àwọn ará ilé yín." Obìnrin tó pọ̀n ọ́n, tó nu ikun imú rẹ̀, tó gbá a létí nítorí ẹran ìsàlẹ̀ ìkòkò! Bí ọmọdé bá fi "ẹ" fún àgbà, ẹ̀kọ́ ilé ni. Bí àgbà bá fi fún àbúrò rẹ̀, ó ti tì í mọ́ ìta nìyẹn.

Àbíkẹ́yìn, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń bá a gbé, ló kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí Ẹ̀gbọ́n ni iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi ṣe. Èsì dé: "Mo ti rí lẹ́tà yín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò." Bàbá ka èsì náà bí ẹni ń wá irin aago wẹ́wẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, bóyá òun á rí "o" kan tó fara pamọ́ síbì kan. Kò rí i.

Ibi tó ti ń retí ni lẹ́tà mìíràn ti wọlé. "Ẹ kú déédéé ìwòyí, sà. Ẹrù yín ti dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ìwé tó wà nísàlẹ̀." Lóòótọ́, Bàbá ń retí okùn aago kan láti òkèèrè. Ó ṣí i. Ojú ìwé funfun báláú ló rí.

Ó sọ fún Àbíkẹ́yìn pé ẹni tó kọ lẹ́tà náà mọ ìwà hù ju bó ṣe mọ iṣẹ́ lọ.

Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Ojú ìwé ń ṣí fúnra wọn, wọ́n ń pa dé fúnra wọn. Bí Bàbá bá tẹ lẹ́tà kan, ìdajì wákàtí ni yóò fi ronú kó tó fi í hàn. Níkẹyìn, pátákó pupa kan yọ sójú rẹ̀, ó ní àìsàn ń ṣe ẹ̀rọ yìí, kí wọ́n tètè ra oògùn. Bàbá ní ó dára bí aláìsàn bá mọ̀ pé ara òun ò yá, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀.

Ìgbà náà ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Onílé ló kọ́kọ́ pè. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn bèèrè pé, "Ta ni 'ìwọ ọmọ yìí'?"

Ọ̀rọ̀ tó gbà láti orí kọ̀ǹpútà Bàbá rèé: "Ìwọ ọmọ yìí, mo kọ̀wé sí ọ, o ò dáhùn. Ṣé o ti yadi ni? Ṣí èyí kí o wò ó." Àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà, tó sì máa ń lo lẹ́tà bí oògùn kíkorò, ni Bàbá kọ ọ́ sí nígbà kan. Báyìí, ó ti dé ọ̀dọ̀ onílé. Ó ti dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀. Ó ti dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, arúgbó tó fèsì pé òun kò yadi, àti pé Bàbá kò kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́tà. Ó sì ti dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, tí kò tíì dáhùn lẹ́tà ẹ̀bẹ̀.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìsàlẹ̀ òpópónà ni Àbíkẹ́yìn sáré lọ pè. Dókítà ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí pé kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, á ti bèèrè ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí aláìsàn jẹ kẹ́yìn. Ó fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ kó tó jókòó. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, kòkòrò inú kọ̀ǹpútà, èyí sì le. Irú èyí kì í kọ lẹ́tà tirẹ̀. Á wọ ibi tí ẹni tó ni ẹ̀rọ ń kó lẹ́tà sí, á mú ọ̀kan tí onítọ̀hún ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, á so májèlé àti "Ṣí èyí kí o wò ó" mọ́ ọn nídìí, á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá mọ̀.

"Ọ̀rọ̀ yín ni, sà," ni Dókítà wí. "Ọ̀nà ló kàn ṣì."

"Ṣé ẹ máa tú u ni?" Bàbá ń wo ẹ̀rọ náà.

"Rárá o, sà. Màá kàn fọ inú rẹ̀ ni."

"Bí èmi náà ṣe sọ nìyẹn," ni Bàbá wí.

Dókítà kó àwòrán àwọn aago Bàbá pa mọ́ sórí fíláàṣì, ó yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n mọ́, ó sì nu gbogbo ìyókù dànù. Ó ní kí Bàbá pe gbogbo ẹni tó ní lẹ́tà náà kí wọ́n má ṣí i. Bàbá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń tọrọ àforíjì pé kì í ṣe òun, kòkòrò ni. Kò sí ẹni tó bèèrè bóyá kòkòrò náà léwu. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí kò fi sọ "ẹ". Nígbà tó kan Ẹ̀gbọ́n, ó gbé fóònù, ó fi aṣọ nu ojú rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

Àbíkẹ́yìn ló pè é.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ gbogbo àlàyé tán. "Bá mi sọ fún wọn pé mo gba iṣẹ́ tí wọ́n rán sí mi. Kí wọ́n má bínú pé mo yadi."

"Màmá, kì í ṣe Bàbá. Kòkòrò ló fi ránṣẹ́."

"Kòkòrò wo ló mọ̀ pé mi ò tíì dáhùn lẹ́tà?"

Àbíkẹ́yìn bèèrè bóyá Ẹ̀gbọ́n ṣí i. Ẹ̀gbọ́n ní òun ṣí i, òfo ni wọ́n tún fi ránṣẹ́ sí òun. Àbíkẹ́yìn bẹ̀ ẹ́ pé kó fa wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀ yọ, kí Dókítà wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀rọ òun kò wúkọ́. Ó pa fóònù.

Nígbà tí ẹ̀rọ Bàbá ti mọ́ bí àwo tuntun, tí Dókítà ti dá wáyà rẹ̀ padà, lẹ́tà kan wọlé sí i ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Láti ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ni.

"Ṣé o ti jẹun? Má jẹ́ kó tutù kí o tó jẹ ẹ́. Ṣí èyí kí o wò ó."

Bàbá yọ awò tó fi ń tún aago ṣe kúrò lójú. Ó kà á. Ó tún fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà kà, ó dúró lórí "o".

Àbíkẹ́yìn ti mọ̀ kó tó kà á tán. Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń kọ̀wé sí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ilé ìwé nìyẹn. Májèlé wà nídìí rẹ̀, ó ń retí máòsì. Bí ó bá sọ òtítọ́, ilẹ̀kùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lójú Bàbá á tún tì. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ̀rọ á tún dùbúlẹ̀, lẹ́tà mìíràn á sì tún jáde lọ bá onílé.

Ọwọ́ Bàbá ti wà lórí máòsì.

"Bàbá, ẹ má ṣí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n ṣí i."

"Irú ọ̀rọ̀ báyìí, orí ẹ̀rọ kọ́ la ti ń dáhùn rẹ̀. Ẹ pè wọ́n."

Bàbá rò ó, ó rí i pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Bó ṣe kọjú sí fóònù, Àbíkẹ́yìn fa wáyà yọ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá kì í gbé fóònù sétí, ó máa ń gbé e síwájú bí àwo, nítorí náà gbogbo yàrá ló gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti jẹun."

"Ta ló bi ọ́?"

Bàbá dúró gbagidi, bí ìgbà tí aago tó ti kú bá ṣàdédé dún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ní kí ni?" Ó gbọ́ ọ. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i ni.

"Mo ní ta ló bi ọ́ bóyá o jẹun tàbí o ò jẹun? Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi, ẹ̀rọ mi ń mí gúlegúle, gbogbo ayé ń pè mí pé àwọn ti jẹun. Ọkùnrin tó ń bá mi kun ilé pàápàá ti pè. Ìwọ náà tún dé."

Bàbá wo Àbíkẹ́yìn. Àbíkẹ́yìn ń wo wáyà ọwọ́ ara rẹ̀. Ó yé Bàbá.

"Kòkòrò ni, Ẹ̀gbọ́n mi," ló sọ, jẹ́jẹ́.

"Kòkòrò tó pè mí ní 'ọmọ yìí' yẹn?"

"Òun náà ni."

Wọ́n ń gbọ́ bí kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n ṣe ń mí lẹ́yìn rẹ̀.

"Bí ó ṣe ń mú ọ̀rọ̀ tó bá bá nílé nìyẹn," ni Bàbá wí. "Ìbínú ló bá lọ́dọ̀ tèmi. Ẹ fa wáyà yẹn yọ."

"Èwo nínú wọn? Máa bọ̀ wá fà á yọ fún mi." Lẹ́yìn náà ló fi kún un pé, "Kí o gbé aago ìyá mi dání. Bí inú agolo náà ló wà, kí o gbé agolo náà bẹ́ẹ̀. Má sì tú nǹkan kan lójú ọ̀nà."

Bàbá wọ bàtà, ó gbé agolo sábẹ́ apá. Àbíkẹ́yìn ní Dókítà sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ pa lẹ́tà náà rẹ́, májèlé wà nínú rẹ̀. Bàbá ní kó pa á rẹ́, òun ti mọ̀ ọ́n sórí.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó padà. Ó gbé agolo kalẹ̀, ó ṣí abọ́ tí Àbíkẹ́yìn gbé kalẹ̀ fún un láti òwúrọ̀. Oúnjẹ náà ti tutù. Ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán, kó tó lọ.