Ẹni Tó Ń Nu Dígí

"Ẹ wo ojú èyí! Ó jọ lándílọ́ọ̀dù wa."

"Lándílọ́ọ̀dù yín kẹ̀? Èyí tiẹ̀ lójú àánú."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n jáde sí ẹ̀bá títì, wọ́n wọ ọkọ̀ Ìyànà-Ìbà. Adéníran kò bojú wẹ̀yìn wò wọ́n. Ó tẹjú mọ́ fọ́tò Akínṣọlá, ọmọ rẹ̀, tí wọ́n gbé kọ́ sínú ilé ìrántí kékeré kan, sáàárín fọ́tò àwọn ìgárá ọlọ́ṣà tó ti da Èkó láàmú rí. Ìbọn ló pa ọmọ náà níbi tó ti ń jalè, ó ti pẹ́. Wọn kì í fi sàréè ọmọ han òbí. Adéníran kò sì béèrè. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí Àyọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, pe òun ní Bàbá Akínṣọlá mọ́. Ikú yá ju ẹ̀sín, òwe tó fi ń pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Ikú dé, ẹ̀sín kò lọ.

Lọ́la ni yóò sin òkú Àyọ̀kẹ́. Àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n sọ di ilé ìrántí yìí gan-an, ní Igbó-Elérin, ni wọn yóò ti sọ̀ kalẹ̀.

Mùjídàt, obìnrin tó ń mójú tó ibẹ̀, gbé àga wá. "Ẹ jókòó, Bàbá."

"Mi ò jókòó. Bá mi yọ fọ́tò yìí. Ọmọ mi ni."

Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ọlọ́run á dá àwọn tó kù sí. Màá yọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kí ni kí n wá sọ fún Màmá?"

"Màmá wo?"

"Màmá kan tó máa ń wá nu dígí rẹ̀ ni. Wọn ò sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Tí wọ́n bá ra àlùbọ́sà tán ní Alábà Ràgó, wọ́n á yà síbí, wọ́n á máa nù ún, wọ́n á máa pè é ní Àjàní. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí wọn. Ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe ọmọ náà ní Àjàní.

"Ó rìnrìn-àjò."

"Wọ́n á dé láyọ̀ o."

Kò lè ṣe àmín.

"Kí ló fi ń nù ún?"

Mùjídàt fa àkísà kan yọ lẹ́yìn fọ́tò náà. Adéníran tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́. Àpò bùbá òun fúnra rẹ̀ aláwọ̀ ewé ni, bùbá tó wá títí tí kò rí, tí Àyọ̀kẹ́ ní eku ti jẹ. Wọ́n fi ọ̀bẹ rọra tú òwú rẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí Àyọ̀kẹ́ dá wá síbí, kò dá wá, aṣọ ọkọ rẹ̀ ń bá a wá.

Ó na ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu dígí náà, láti iwájú orí wá sí àgbọ̀n.

"Bàbá, ṣé kí n wá yọ ọ́ báyìí?"

"Fi sílẹ̀."

"Tí Màmá bá wá dé, ta ni kí n sọ pé ó wá?"

Ó nu igun tó kù kó tó dáhùn.

"Sọ pé Bàbá Akínṣọlá ni."