Páìnì Etí Òkun ní Àgbowó

"Láwùmí, jọ̀ọ́, fa nǹkan yìí tu kúrò nínú agolo, kí o fi gbin ata. Ó ti kú."

Alhaja Mùsílímátù, onílé wọn ní Àgbowó, n'Ìbàdàn, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo igi kékeré kan tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tó ti pupa rẹ́súrẹ́sú bí koríko ìgbà ọyẹ́.

"Kò tíì kú, Alhaja." Láwùmí kúnlẹ̀ ti agolo náà bí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tí ibà mú. "Ẹ bá mi fi sílẹ̀."

Aránṣọ ni Láwùmí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Inú ọkọ̀ òkun ni Wándé, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Wándé ti Amẹ́ríkà dé kẹ́yìn, lọ́dún 1983, èso igi gbígbẹ kan tó tóbi tó ìkúùkù ló fi ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rẹ. Ó ní etí òkun lòun ti ṣà á, lábẹ́ igi kan tí atẹ́gùn ti tẹ̀ kọdọrọ. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín pé aago ni ẹ̀gbọ́n ẹlòmíì ń gbà. Kò pẹ́ sí i ni àìsàn gbé Wándé lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, Láwùmí gbin àwọn kóró inú èso náà. Ẹyọ kan péré ló hù. Ó ti lé lọ́dún báyìí, kò sì ga ju ìgbáakọ lọ.

Alhaja fi agolo náà sílẹ̀ níbi tó wà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tó ti Onírèké dé, níbi tó ti ń ta búrẹ́dì, ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò kákí tẹ̀ lé e.

"Láwùmí, jáde wá! Oníbàárà mi nìyí, Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin. Iṣẹ́ igi gbígbìn ni wọ́n ń bá ìjọba ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá wo aláìsàn rẹ."

Ọkùnrin náà lóṣòó ti agolo. Láwùmí ní, "Àwọn ará ilé ní irú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, tó máa ń súfèé bí atẹ́gùn bá fẹ́."

"Rárá, mà. Ìyẹn kàn jọ páìnì ni. Bí ẹ bá fa ewé tiẹ̀, oríkèé oríkèé ni yóò máa yọ. Ẹ wo èyí." Ó ya ìdì ewé kan. "Ẹ kà á."

"Márùn-ún ni."

"Èyí tí àwa ń gbìn nínú igbó ọba, mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú ìdì. Níbo lẹ ti rí kóró rẹ̀?"

Láwùmí gbé èso gbígbẹ náà wá. Gbádégẹṣin yí i síwá sẹ́yìn, ó ki ìka bọ ibi tí kóró ti jáde. "Èbúté wo ni ẹni tó fún yín gúnlẹ̀ sí?"

"Sàn Diẹ́gò. Ó máa ń fi orúkọ ibẹ̀ ṣàwàdà pé ibẹ̀ ni ara òun ti 'sàn díẹ̀'."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Bí èyí kì í bá ṣe páìnì Tọ́rì, a jẹ́ pé n kò mọ igi. Inú ìwé ni mo mọ̀ ọ́n mọ. Etí òkun yẹn àti erékùṣù kan nìkan ló ti ń dá hù ní gbogbo ayé."

"Ṣé ó máa kú?" Láwùmí bi í.

"Ebi ló ń pa á. Páìnì kì í dá jẹun nílẹ̀ àjèjì. Ohun kan wà, ẹbí olú ni, tín-ín-rín bí òwú. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò páìnì, kó bá a wá oúnjẹ. Kò sí nínú erùpẹ̀ ibí yìí. Abẹ́ páìnì mìíràn la ti ń bù ú. Ẹ wá bù ú lọ́gbà wa, nítòsí Onírèké. Omi tí ẹ ń bu sí i náà ti pọ̀ jù."

Láwùmí ní aṣọ ìyàwó tó gbọ́dọ̀ rán parí, ló bá ní òun á lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Alhaja wọlé pẹ̀lú abọ́ erùpẹ̀ lórí, òógùn bò ó.

"Àwọn onítakisí ní mo fẹ́ ba ọkọ̀ àwọn jẹ́," ó ní. "Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti ọgbà wọn dé Mọ́kọ́lá kí n tó rí ọkọ̀. Gbà á lórí mi, ọrùn ń dùn mí!"

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀, ewé tuntun ti yọ, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Gbádégẹṣin wá wò ó, ó ní ó ti tó gbé sílẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń tàn dáadáa.

Láwùmí wo ẹ̀yìnkùlé. Ibi kan ṣoṣo tí oòrùn ń dé ni Alhaja ti to búlọ́ọ̀kù sí, láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ayálégbé lòun. Ó gbé agolo náà fún Gbádégẹṣin. "Ẹ gbé e lọ sọ́gbà yín, sà. Mo dúpẹ́ pé ó yè."

"Gbé e sílẹ̀!" Alhaja ti jáde láti ilé ìdáná. "Mo ti sọ fún bíríkìlà kó sún ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn. A kì í rí ọmọ ìyá rà lọ́jà, Láwùmí. Èyí tí àbúrò rẹ fi sílẹ̀ fún ọ, ilé yìí ni yóò dàgbà sí."

"N kò lè ṣèlérí pé yóò pẹ́," Gbádégẹṣin kìlọ̀. "Ọ̀rinrin Ìbàdàn kì í ṣe ti etí òkun wọn."

"Iye tó bá lò náà, ọpẹ́ ni," Láwùmí dáhùn. Ó kúnlẹ̀ níwájú onílé rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Alhaja, ẹ ṣeun. Alhaja..."

"Dìde, ilẹ̀ tutù. Gbogbo ayé ló ń pè mí ní Alhaja. Ìwọ máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n."

Láwùmí, àkọ́bí ìyá rẹ̀, kò ní ẹ̀gbọ́n rí. Ó fi etí ìró nu ojú, ó sì dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ọkọ́ dà?"