Wèrèpè Tí Mo Gbìn fún Làmídì

Àbẹ̀kẹ́, jókòó kí n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ọ. O mọ Làmídì, àbúrò ọkọ mi, tó fa gbogbo ẹ̀gẹ́ mi tu kí a tó ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ ọkọ mi, tó sì sọ oko náà di tirẹ̀. Inú oko yẹn ni mo wà, tí mò ń gbin wèrèpè. Ta ló ń gbin wèrèpè? Ṣebí inú igbó ló ń hù sí fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ mo kọ ebè fún un, mo ri igi fún un bíi ti iṣu. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, ó ti so. Oko sì ti di yàrá mi. Ìtàkùn náà gun òrùlé, èso rẹ̀ tí irun bò rọ̀ sórí ibùsùn mi, kò sì yún mi rárá.

Làmídì wọlé, ó ní, "Ìyàwó, ẹ̀wà yín mà dára o."

Mo ní, "Ẹ máa ká a, bọ̀dá mi."

Ó kó o mọ́ àyà bí ọmọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í họra, ó ń fẹ̀yìn ha ògiri, ó ń bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní eérú tí òun máa fi pa ara. Eérú kún ọwọ́ mi méjèèjì.

Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ gbin ẹ̀gẹ́ mi padà."

Ó kúnlẹ̀, ó ń fi èékánná gbẹ́ sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ yàrá. Ibẹ̀ ni mo jí.

Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo tún dùbúlẹ̀ kí n lè padà lọ da eérú náà nù níṣojú rẹ̀, ṣùgbọ́n oorun kò gbé mi mọ́.