Màmá Párísì

Ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá kan ní Tucker, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, bí ẹ bá ní Màmá Akínbọ̀dé ni ẹ ń wá, wọ́n á kàn máa wò yín ni. Ẹ ní Màmá Párísì, ọmọ ọdún mẹ́ta á mú yín dé ìdí àga tí ó ń jókòó sí.

Fọ́tò ńlá kan ló bí orúkọ náà. Ó wà lára ògiri pálọ̀ ọmọ rẹ̀, Àánú, níbi tí Màmá ń gbé. Nínú fọ́tò yẹn, Màmá wà lórí afárá kan tó lókìkí ní ìlú Paris, èyí tí wọ́n fi góòlù ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó wọ kóòtù, ó gbọ́wọ́ lé ọrùn ẹṣin abìyẹ́ kan tó ń dán yanran. Ọkọ rẹ̀ dúró tì í nínú kóòtù dúdú, orí bàbá náà sì tóbi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdún 1981 ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí àlejò tó wọ pálọ̀ yẹn tí kò gbọ́ ìtàn rẹ̀: bí Bàbá ṣe wà ní Paris tó ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé, bí Màmá ṣe wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá a fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí òtútù ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ já etí rẹ̀, bí ọrùn ẹṣin náà ṣe tutù lọ́wọ́ bí omi inú fíríìjì. Ìtàn yẹn dùn, ká sọ tòótọ́.

Irọ́ ni. Irọ́ funfun báláú. Màmá Párísì ò fi ẹsẹ̀ kan Paris rí láyé rẹ̀.

Ẹ má tíì bú u o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Iléṣà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Fẹ́misí. Ọdún kejì tí ó wọlé ọkọ ni ìjọba rán Akínbọ̀dé, ọkọ rẹ̀, tíṣà èdè Faransé, lọ sí Paris fún ẹ̀kọ́ ọdún méjì. Ọdún méjì di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́fà. Lẹ́tà tó ń wá lóṣooṣù di èyí tó ń wá bó bá ṣe wù ú. Ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́, òun nìkan, nínú kóòtù dúdú. Kò pẹ́ sí i, ọmọ ìlú wọn kan ti ọ̀hún dé, ó sì sọ ohun tó fojú rí: obìnrin òyìnbó kan ni Akínbọ̀dé ń bá gbé, ilé kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà. Fẹ́misí bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn obìnrin ilé ò mọ ìyẹn, síbẹ̀ wọ́n ti ń pè é ní opó alọ́kọ láyé. Lọ́jọ́ kan, ìyá ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní, "Bí o bá jẹ́ ìyàwó gidi, ọkọ rẹ ì bá ti ránṣẹ́ sí ọ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé e dé ọ̀dọ̀ Surajudeen, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Surá Fọ́tò.

Surá Fọ́tò ní aṣọ ńlá mẹ́ta tí wọ́n ya àwòrán sí, tí oníbàárà máa ń dúró síwájú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ọ̀kan jẹ́ Mẹ́kà, ẹ̀kẹta jẹ́ afárá Paris, èyí tí ayàwòrán kan wò láti inú kàlẹ́ńdà. Ẹṣin góòlù yẹn, pákó ni Surá fọwọ́ ara rẹ̀ gé, tó fi ọ̀dà kùn, kí oníbàárà lè rí nǹkan gbọ́wọ́ lé. Ó ya Fẹ́misí, ó gé Akínbọ̀dé jáde látinú fọ́tò tirẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó tún gbogbo rẹ̀ yà pọ̀. Fẹ́misí lọ fara pamọ́ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Agége fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ra ṣokoléètì òyìnbó, ó padà sí Iléṣà tòun ti fọ́tò nínú férémù. Ìyá ọkọ rẹ̀ jẹ ṣokoléètì náà, ó lá ọwọ́. Kò sẹ́ni tó tún pè é ní opó.

Ní 1983, Akínbọ̀dé dé. Bóyá obìnrin òyìnbó ló lé e jáde, bóyá ìwé ìgbélùú rẹ̀ ló tán, kò sọ, Fẹ́misí náà ò sì bi í. Lọ́jọ́ kejì, ẹbí kún pálọ̀ fọ́fọ́, ẹnì kan nàka sí fọ́tò, ó ní, "Ìgbà tí ìyàwó wa wá bá ọ yẹn, ṣé òtútù ò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á?" Akínbọ̀dé wo fọ́tò, ó wo ẹṣin pákó, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Òtútù? Kóòtù tó wọ̀ yẹn, ọjọ́ tó dé gan-an ni mo sáré lọ rà á fún un!" Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń sọ ìtàn yẹn. Òun gan-an ló fi ọrùn ẹṣin tó tutù kún un. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n tún fi gbé pọ̀, kò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ "má bínú" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìtàn yẹn ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Fẹ́misí gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pòṣé yẹn, ẹ ò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìpadàbọ̀ yẹn ni wọ́n bí Àánú, ọmọ kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì ni Àánú lónìí, ní ilé ìwòsàn kan ní Lawrenceville, òun ló sì kó àwọn òbí rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà. Lójú rẹ̀, bí a bá yọ Jésù kúrò, bàbá rẹ̀ ló kàn. Ọdún méjì rèé tí Bàbá ti kú, Lawrenceville náà ni wọ́n sin ín sí, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí Àánú kì í yà níbẹ̀ bó bá parí shift. Bó bá ń wakọ̀, ohùn bàbá rẹ̀ tó wà nínú fóònù ló máa ń gbọ́: "Àánú mi, ṣé o ti jẹun?"

Ohun tó ń ba Màmá lẹ́rù nìyẹn. Bí irọ́ yẹn bá tú, Àánú á béèrè ìdí tí ọkọ ò fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà. Òun fúnra rẹ̀ lè fara da ìtìjú, ìtìjú kì í pa àgbà. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, òun kọ́ ló máa wá di ọmọ òun lọ́wọ́ mú, táá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi júwe rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí Àánú ṣe. Lọ́jọ́ tí Màmá pé ọdún márùnléláàádọ́rin, ó dìde láàárín ìjọ, ó ní, "Màmá, surprise! Paris ni à ń lọ, èmi, ẹ̀yin àti Hephzibah. A máa tún fọ́tò yẹn yà, same spot, same pose!"

Ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n hó yèè. Màmá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò kọjá eyín. Nígbà tí wọ́n délé, ó bẹ̀rẹ̀.

"Orúnkún mi yìí ń kọ́?"

"Wheelchair wà ní airport, Màmá."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ń kọ́?"

"Nọ́ọ̀sì ni mí, Màmá."

"Kí ni mo tiẹ̀ gbàgbé síbẹ̀ ná?"

"Dádì," ni Àánú wí, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ta ló fẹ́ bá ìyẹn jiyàn?

Wọ́n lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin ni ọkọ̀ já wọn sẹ́nu afárá náà. Ó lẹ́wà, ká má parọ́ mọ́ ọn, èyí tó wà nílẹ̀ ti tó. Àwọn òpó iná onígíláàsì tò lọ lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọdé tí wọ́n fi irin ṣe rọ̀ mọ́ wọn nídìí, kìnnìún olókùúta dúró lẹ́nu ọ̀nà, odò ńlá ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tó kún fún àlejò. Màmá gbàgbé ara rẹ̀.

"Háà! Ó mà tóbi o!"

"Àbí ẹ ti gbàgbé ni?" Àánú rẹ́rìn-ín.

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi."

Hephzibah, ọmọ Àánú, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti gbé fọ́tò àtijọ́ náà sójú fóònù rẹ̀. "Grandma, ẹsin wo ni?" Ẹnu òyìnbó rẹ̀ ò jẹ́ kí "ẹṣin" yọ dáadáa.

Màmá wo ọ̀tún, kò rí ẹṣin. Ó wo òsì, kò rí i. Ó rìn díẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ pa irin afárá bí ẹni tó ń rántí nǹkan. Ìgbà tó gbójú sókè ló tó rí wọn. Mẹ́rin ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí òpó tó ga bí ilé alájà mẹ́rin, wọ́n na ìyẹ́ góòlù sójú ọ̀run. Ẹyẹ nìkan ló lè bà lé ọrùn wọn.

"Wọ́n ti gbé e sókè ni," ni Màmá wí. "Ìsàlẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀."

Hephzibah fọwọ́ ra fóònù. "It says they've been up there since 1900, Grandma." Ọmọ Amẹ́ríkà! Fóònù wọn ò mọ àgbà.

Àánú gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó fa àwòrán náà tóbi, ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lára ẹṣin, ó wo orí bàbá rẹ̀, ó wo ojú ibi tí sísọ́ọ̀sì gbà kọjá létí bàbá náà. Láti kékeré ló ti ń wo fọ́tò yẹn lójoojúmọ́ láì rí i. Ó ní, "Màmá."

"Hephzibah, lọ bá mi ya kìnnìún yẹn dáadáa," ni Màmá wí. Ọmọ náà lọ.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Màmá lọ fún ọdún márùnlélógójì, ẹ ò rí i pé irọ́ tó lẹ́sẹ̀ ni.

"Mi ò débí rí," ni Màmá wí. "Surá Fọ́tò ló ṣe é fún mi ní Iléṣà. Fọ́tò tí bàbá rẹ fi ránṣẹ́ ló lẹ̀ mọ́ tèmi."

Àánú tún wo orí bàbá rẹ̀ nínú fọ́tò náà. Ó wá béèrè ohun tí Màmá ti mọ̀ pé yóò béèrè.

"Kí ló dé tí Dádì ò ránṣẹ́ sí yín?"

Màmá la ẹnu. Òtítọ́ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wù ú, ó wù ú gan-an, kí ẹnì kan ṣoṣo láyé yìí mọ ohun tí ojú òun rí, pàápàá ọmọ tí òun bí. Ó wo Àánú. Ojú Akínbọ̀dé ló gbé sójú, ètè náà sì ti ń gbọ̀n.

"Ó ránṣẹ́ sí mi," ni Màmá wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Èmi ni mo kọ̀. Ẹ̀rù ọkọ̀ òfurufú ń bà mí. Ìgbà tí ojú wá ń tì mí láàárín ẹbí ni mo lọ ya fọ́tò."

"Six years!" Àánú ò mọ ìgbà tó pariwo. "Dádì dá wà nínú òtútù yìí fún ọdún mẹ́fà, ẹ̀yin wá ń dúró níwájú aṣọ ní Iléṣà? Ó tún délé, ẹ sọ ọ́ di onírọ́! Dádì mi! Ọkùnrin míì ì bá ti mú obìnrin míì síbí, Màmá. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀," ni Màmá wí.

Wọn ò ya fọ́tò kankan. Wákàtí mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà lójú òfurufú, Àánú gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó bá a tú bẹ́líìtì, ó fún un ní oògùn lásìkò, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n balẹ̀ sí Atlanta, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé ìkẹ́rùsí Forest Park. Hephzibah ti sùn lẹ́yìn. Màmá rí i pé wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń yà sí ilé wọn ní Tucker, Àánú ò sì yà. Ó mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Ní Lawrenceville, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé koríko ibojì ni. Àánú di ìyá rẹ̀ lápá mú dé ibi òkúta tí wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́," ló wí. "Tí ẹ ò bá bẹ̀ ẹ́, mi ò mọ bí màá ṣe máa wò yín nínú ilé." Àánú kì í yájú sí ìyá rẹ̀. Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Màmá wo òkúta náà. Inú bí i, kí n má tàn yín. Ó lé ní ogójì ọdún tí òun fi ń retí gbólóhùn kan lẹ́nu ọkùnrin tó sùn síbí yìí, òun tí wọ́n ṣẹ̀ ló tún wá kù tó máa sọ ọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá Àánú," ló wí, "ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣẹ̀ yín. Ẹ dárí jì mí."

Àánú bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀ tì í, ó gbá a mọ́ra. "Ó ti tán, Màmá. Dádì ti dárí jì yín. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kì í di èèyàn sínú."

"Mo dúpẹ́," ni Màmá wí.