Èyí Tó Gorí Kóńgò

“Ẹ dúró, Dádì! Kí lẹ fẹ́ fi igi yẹn ṣe?”

Nùsírátù onídìrí ló kígbe bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tó ń ṣubú. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bàbá Jọmí ti fi rúlà onípákó gbá orí kóńgò náà kọjá, gbogbo gàrí tó gorí sì ti ya padà sínú àpò. Èyí tó kù wá tẹ́jú pẹrẹsẹ.

“Ó pé,” ni Bàbá Jọmí wí. “Kóńgò kan lo fẹ́ rà, kóńgò kan nìyí. Kò dín, kò lé.”

“Kò lé kẹ̀! Dádì, láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ìkirun, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń gé orí gàrí rí. Ó dáa, ènì mi ńkọ́?”

“Ènì? Ta ló fọwọ́ sí i?”

Nùsírátù wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Bàbá Jọmí ò ṣàwàdà rárá. Nùsírátù rọra da gàrí náà padà sínú àpò, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀ àgbà, ó ní òun ń bọ̀. Ó wá sọdá títì tààrà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sàhéèdì tó ń ta gàrí lódìkejì. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló ti sọdá láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ má tíì dá Bàbá Jọmí lẹ́bi o. Ohun tó mọ́ èèyàn lára ni. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri títí tó fi funfun, sítókípà ló jẹ́ níléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà ní Ìkejà. Agolo ọ̀dà kan kì í jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ sí i. Ìdájí ló ń kúrò ní Mòwé, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé. Bí kì í bá ṣe Sátidé àti Sọ́ńdè, kò mọ bí ọ̀sán ṣe ń rí nílé ara rẹ̀. Nígbà tó wá fẹ̀yìntì, wọ́n fún un ní aago tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri, wọ́n gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ sì ní kó lọ máa sinmi. Ó ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ ní ìsinmi? Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wẹ̀, ó ti wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó jókòó sí pálọ̀, kò sì mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ̀rù bà á. Bàbá tó bí i lọ́mọ máa ń sọ pé ọkùnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àlejò ni nílé ara rẹ̀. Ibi tó ti ń ro èyí ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí àpò gàrí, àpò ẹ̀wà àti àpò ìrẹsì tí Mọ́láyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń tò síwájú ilé. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Áà, iṣẹ́ rèé!”

Láti ìgbà tí Jọmílójú, àkọ́bí wọn, ti ń rákò ni Mọ́láyọ̀ ti ń tajà níwájú ilé yẹn. Bí oníbàárà bá pè é, á jáde ti òun ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Wọn á bu gàrí jù sẹ́nu láti tọ́ ọ wò, wọn á sọ̀rọ̀ ọkọ, wọn á sọ̀rọ̀ ọmọ, Mọ́láyọ̀ á wọn kóńgò títí á fi gorí ṣóńṣó, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Bàbá Jọmí fòpin sí gbogbo rẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára àpò. Ó gbé bẹ́ǹṣì kalẹ̀ kí àwọn èèyàn lè tò. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ gàrí wò gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè. Mọ́láyọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ara ọkọ òun á balẹ̀ tó bá yá. Nígbà tó di pé ó ń gé orí kóńgò, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀.

Nùsírátù ò tíì sọdá padà tí ọkùnrin kan fi gun ọ̀kadà dé iwájú ilé.

“Ẹ kúulé o, bàbá. Ìyá ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀bù Ìbàfò ti ṣetán. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ rèé. Wọ́n ní láti ọjọ́ Ajé làwọn fẹ́ kó gàrí àwọn lọ síbẹ̀.”

Bàbá Jọmí gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó gba ẹ̀yìn lọ sí ilé ìdáná, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣa ẹ̀fọ́.

“Ìyá Jọmí, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wo ni mo gbọ́ yìí?”

Mọ́láyọ̀ ò gbójú sókè. “Ti gàrí ni.”

“Ní Ìbàfò? Nígbà tí gàrí wà níwájú ilé?”

“Gàrí wà níwájú ilé, àwọn tó ń rà á ló ti sọdá.” Ó ju ẹ̀fọ́ sínú abọ́. “Bàbá Jọmí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán nínú mi. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń jáde ní ìdájí, àdúrà tí mò ń gbà ni pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí n máa rí ọkọ mi lọ́sàn-án. Mo ní tẹ́ ẹ bá ti fẹ̀yìntì, a ó jọ máa jẹun ọ̀sán, a ó jọ máa rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run sì gbọ́. Ọkọ ni mo tọrọ o, ọ̀gá ni mo rí gbà.”

“Mò ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni.”

“Mi ò bẹ̀ yín níṣẹ́.” Kò pariwo, ìyẹn ló tún dun Bàbá Jọmí jù. “Tí mo bá dúró síbí, ìjà la ó máa jà, n ò sì fẹ́ bá yín jà lọ́jọ́ alẹ́ wa. Mo máa lọ sí Ìbàfò. Ẹ óò wá ráyè fi rúlà yín gé gbogbo ilé yìí pẹrẹsẹ.”

Bàbá Jọmí yí padà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ ara ìṣó, ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó jáde. Ilé tó ti ń fẹ́ wà nínú ẹ̀ lọ́sàn-án látọjọ́ yìí wá, òun nìkan ni yóò máa jókòó sí i! Láìmọ̀, rúlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nísàlẹ̀ àdúgbò, lábẹ́ igi fúrúùtù kan tó wà níwájú ilé mẹkáníìkì, àwọn àgbà kan máa ń ta dírááfù níbẹ̀ láti àárọ̀. Bàbá Jọmí ti pè wọ́n lọ́lẹ títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn ni Tàjùdéèn, ọmọ Ifọ̀, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Òun ló kọ́kọ́ rí i.

“Àbáyọ̀mí sítókípà! Ṣé ọmọ dírááfù wa lo wá kà ni?”

Bàbá Jọmí jókòó. Ó ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún un. Tàjùdéèn rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

“Ó ṣe mí rí! Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì, àràárọ̀ ni mò ń lọ sí tíṣàn ní Ifọ̀ lọ ju àsíá sí ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ rò pé ọ̀gá ló rán mi wá ṣọ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n mọ bó ṣe jẹ́, wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n ṣáà jókòó, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan.”

“Kí lẹ wá ṣe?”

“Mo jókòó. Kò rọrùn o!” Tàjùdéèn wo rúlà ọwọ́ rẹ̀. “Gbọ́ ná, kí ni orí kóńgò ṣe fún ẹ?”

“Òṣùwọ̀n ni òṣùwọ̀n, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó bá ti lé, òfò ni.”

“Òfò!” Tàjùdéèn pàtẹ́wọ́. “Àbáyọ̀mí, àwọn tẹ́ ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dà? Iṣẹ́ tó o máa ṣe, o ti ṣe é, kóńgò ti kún. Àwọn ọjọ́ tó ò ń lò báyìí, èyí tó gorí ni. Ọlọ́run ò mú rúlà gé tìẹ. Ìwọ lò ń fọwọ́ ara ẹ gé e, o sì ń gé ti ìyàwó ẹ mọ́ ọn. Ó yá, ta ọmọ kan, àbí ó dìgbà tẹ́nì kan bá fọwọ́ sí i?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Jọmí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tó ń dùn ún. Ó rántí Káyọ̀, tí wọ́n jọ máa ń jẹ ẹ̀wà ní sítọ́ọ̀ lọ́sàn-án, tí kì í yé sọ pé “tá a bá fẹ̀yìntì, tá a bá fẹ̀yìntì.” Káyọ̀ ò débẹ̀. Bàbá Jọmí na ọwọ́ sí ọmọ dírááfù kan.

Wọ́n jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n jẹ ẹ́ débi pé kò sẹ́ni tí kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dùn mọ́ ọn, adùn rẹ̀ sì yà á lẹ́nu.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó padà sílé, ó bu kóńgò gàrí kan títí ó fi gorí ṣóńṣó, ó bu ẹ̀kúnwọ́ lé e, ó da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó sì gbé e lọ síbi tí Nùsírátù ti ń dirun fún ẹnì kan.

“Nùsírá, gàrí ẹ rèé.”

“Dádì, mo ti rà lọ́dọ̀ Ìyá Sàhéèdì.”

“Èyí kì í ṣe títà. Gbogbo ẹ̀, ènì ni.”

Nùsírátù kígbe, ó ju òòyà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. “Ẹ ṣé, sà! Rúlà yẹn wá ńkọ́?”

“Mo ti fi í ti ẹsẹ̀ tábìlì Tàjùdéèn. Ó ti ń mì jù.”

Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún Mọ́láyọ̀, ṣùgbọ́n Nùsírátù ò lè pa á mọ́ra. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Bàbá Jọmí mú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ìṣó, ó fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. “Mi ò ní dá ẹ dúró,” ló wí, ó sì gba ọ̀dọ̀ àwọn Tàjùdéèn lọ.

Ebi ló lé e wálé lọ́sàn-án. Ó ti múra sílẹ̀ de ilé òfìfo, àfi bó ṣe bá àpò gàrí níwájú ilé bó ṣe wà. Mọ́láyọ̀ wà nínú pálọ̀, ó ti gbé oúnjẹ ẹni méjì sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ Ìbàfò. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu òkèlè kejì ni ẹnì kan pè láti ìta.

“Ẹ ta gàrí fún mi o! Ṣé ẹ wà nílé?”

Bàbá Jọmí ti fọwọ́ ti tábìlì, ìdí rẹ̀ ti kúrò lórí àga. Mọ́láyọ̀ ò wò ó, ó ṣáà ń jẹun lọ. Bàbá Jọmí rọra jókòó padà.

“Ìyá Jọmí,” ló wí, “wọ́n ń pè ẹ́.”

Mọ́láyọ̀ ṣan ọwọ́, ó jáde. Láti ibi tó jókòó sí, Bàbá Jọmí ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, ó ń gbọ́ bí gàrí ṣe ń ya sínú abọ́, ó sì gbọ́ ẹ̀kúnwọ́ tó kẹ́yìn. Ó ń jẹ ẹ̀bà rẹ̀.

Nígbà tí Mọ́láyọ̀ wọlé, ó mú ẹja tó tóbi jù nínú abọ́ tirẹ̀, ó fi sínú ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀.

“Kí lèyí?”

“Ènì ni.”

Ó wá tú kókó etí ìró rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi.

“Ẹ bá mi fi rán ọlọ́kadà kan sí oní-ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàfò tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi dírááfù yín. Ẹ má kánjú o. Ẹ jẹun yín tán.”

Bàbá Jọmí fa ẹja náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ eegun rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Kò kánjú.