Ojú Kọ̀ǹpútà Ilé Omi

Bàbá Omi tẹ lẹ́tà kan. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó tẹ òmíràn, ó tún tẹ mẹ́ta léra wọn, kò sí ọ̀kan tó yọjú. Àní àmì kékeré tó máa ń ṣẹ́jú níbi tí lẹ́tà yóò ti jáde pàápàá ti pòórá.

"Bàbá Omi, ṣé dùùrù lẹ ń tẹ̀ ni?" Ẹlẹ́rọ ló fọhùn láti ẹ̀yìn páìpù, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe. "A ò mà gbọ́ orin o!"

Bàbá wò ó. Ẹlẹ́rọ rántí ẹni tí òun ń bá ṣẹ̀fẹ̀, ó sorí kọ́, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Bàbá Omi, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, ló kọ ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, kò lè ka nọ́ńbà wínníwínní tó ń sọ bí omi ṣe ga tó nínú táǹkì ńlá. Ọmọ náà wá ṣe é tí nọ́ńbà fi ń yọ gàdàgbà, pupa bí omi bá ń tán lọ, àwọ̀ ewé bó bá kún. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni àìsàn dá a wólẹ̀, kò sì dìde mọ́. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni bàbá ń jókòó síwájú nọ́ńbà wọ̀nyẹn bí ẹni tó jókòó ti ènìyàn.

Àná ni òun fúnra rẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Ọmọ ti kìlọ̀ fún un pé bọ́tìnnì kan báyìí ni kó máa fi pa ètò náà, kí ètò lè ráyè palẹ̀ mọ́ kó tó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé omi ń pè é kíkankíkan lóde, ìkánjú mú un, ó fipá gé ètò náà lójijì láì tẹ bọ́tìnnì yẹn. Ètò lọ láì palẹ̀ mọ́. Ọ̀gá sì ti sọ pé bí kọ̀ǹpútà náà kò bá ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán òní, òun yóò jù ú sí ààtàn, òun yóò gbé tuntun wá, pẹ̀lú ètò tí wọ́n rà lọ́jà.

Ìdí nìyí tó fi pe ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Tètè máa bọ̀ nílé omi." Gbogbo ohun tó sọ lórí fóònù nìyẹn.

Obìnrin náà dé, ó kí i, ó jókòó. Òun pẹ̀lú mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ibi iṣẹ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti pàdé. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó. Lẹ́yìn ìsìnkú ọkọ rẹ̀, bàbá ní kó kó wá sílé òun, ó kó wá. Ó ní kó dá iṣẹ́ dúró ná, ó dá a dúró. Kò jiyàn, kò sì sunkún létí ìgbọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn, bàbá a máa rò ó pé bóyá ọkàn ọmọbìnrin yìí ti le jù.

"Ó ti kú ni?"

"Kò kú, Bàbá. Ètò yẹn máa ń fi ohun tí a bá tẹ̀ pamọ́, kí lẹ́tà má baà bọ́ sáàárín nọ́ńbà. Nígbà tẹ́ ẹ gé e lójijì, kò ráyè ṣí ohun tó bò."

"Gbogbo ohun tí mo ń tẹ̀ láti àárọ̀ ńkọ́?"

"Ó ń gbọ́ ọ. Kò kàn lè fi hàn ni."

Láì rí ohun tó ń kọ, ó tẹ àṣẹ tó ń dá ojú kọ̀ǹpútà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: tput reset. Ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó mọ́, àmì kékeré yọ sí igun. Bàbá mí kanlẹ̀.

Obìnrin náà tún tẹ òmíràn: tput cols. Kọ̀ǹpútà dáhùn: 80.

"Mo bi í bó ṣe fẹ̀ tó ni. Ọgọ́rin lẹ́tà ló lè gbà lórí ìlà kan." Ó tẹ tput colors, 8 jáde. "Àwọ̀ mẹ́jọ ló mọ̀. Bí ọkọ mi ṣe máa ń ṣe nìyí. Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀. Kì í ní kí ojú ẹ̀rọ kọ nǹkankan láì kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó lè gbé."

"Bí èèyàn ò bá bi í ńkọ́?"

"Kò ní jiyàn, Bàbá. Ẹ ní kó kọ ohun tó fẹ̀ jù ú lọ, á gbà. Á kàn máa já a sí wẹ́wẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ohun tó ń sọ mọ́."

Ó tẹ orúkọ ètò náà. Nọ́ńbà yọ gàdàgbà, àwọ̀ ewé. Bàbá di etí tábìlì mú. Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó, ó ní kó ṣì wà bẹ́ẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí inú bàbá dùn, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò lára nọ́ńbà. Ọwọ́ obìnrin náà ló ń wò, bó ṣe rù, bí òrùka ṣe ń yí lórí ìka. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: àìmọye ọmọdé ló ti pa òwe yẹn fún. Òun ńkọ́? Ta ni òun béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú?

"Ó tó, máa lọ sílé" ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ìyàwó, ibo ni ìwọ fẹ́ máa gbé?"

Obìnrin náà ò gbójú sókè. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, kò tẹ nǹkankan.

"Ilé wa, Bàbá. Mo fẹ́ padà sílé wa. Mo sì fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́."

Ó dùn ún dé egungun. Ilé tirẹ̀ yóò tún di ilé ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn. Ó fa àga kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ṣé wàá gbà kí n máa yà kí yín... kí n máa yà kí ọ níbẹ̀?"

Obìnrin náà forí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́kún sókè, tó fi jẹ́ pé Ẹlẹ́rọ yọrí láti ẹ̀yìn páìpù, ó tún yára fà á padà.

Bàbá Omi ò ní kó dákẹ́.