Ọjọ́ Mẹ́ta tó Jẹ́ ti Ìyá

Láti ìgbà tí Abdulmojeed ti dé láti ìrìn àjò, kò sí ẹni tó wọ páálọ̀ rẹ̀ ní Bódìjà tó lè jókòó tán kó tó gbọ́ nípa adágún. Àlejò á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tẹ̀dí sórí àga, fóònù á ti dé iwájú rẹ̀.

"Ẹ wo omi yìí dáadáa o. Àwọ̀ tẹ́ ẹ rí yẹn, èmi kọ́ ni mo fi kún un. Bó ṣe rí nìyẹn."

Òótọ́ ni pé omi náà lẹ́wà. Àwọn òkè tó yí i ká funfun lórí bí ẹni wé láwàní, àwọn abúlé kéékèèké sì tò sí etí omi nísàlẹ̀ wọn. Abdulmojeed ti kọ́ orúkọ abúlé kọ̀ọ̀kan. Tó bá fẹ́ pe ọ̀kan, á ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ fọn fèrè, á pè é, á wá dákẹ́ díẹ̀ kí àlejò lè ráyè mọ̀ pé ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ ti kọjá ẹgbẹ́ àwọn tó mọ Dubai nìkan. Ó ra bàtà ìgunkè, ó ra ọ̀pá ìrìn méjì. Ó fi àwọn ọ̀pá náà ti ògiri páálọ̀, níbi tí ojú kò ti lè fò wọ́n, bẹ́ẹ̀ òkè tó ga jù tó ń gùn ní Ìbàdàn ni àtẹ̀gùn ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ring Road, ilé náà sì ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè.

Ohun kan ṣoṣo ni kì í sọ fún àlejò. Ọjọ́ mẹ́ta tó fi rìn yí adágún náà ká, kì í ṣe tirẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ ni.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ìyá rẹ̀, Mùtíátù Àbẹ̀ḿbí, ń gbé ní Agbowó, nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ogójì ọdún ló fi ta abọ́ ní Dùgbẹ̀, ọdọọdún ló sì ń wí pé ọdún tó ń bọ̀ ni òun yóò lọ Mẹ́kà. Orúnkún ló kọṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún tó ń bọ̀ náà tó dé. Lèmọ́mù àdúgbò wá là á yé wọn pé ọmọ tó bá ti lọ ṣe tirẹ̀ lè lọ ṣe Úmúrà, ìrìn àjò mímọ́ kékeré sí Mẹ́kà, lórúkọ òbí tí ara rẹ̀ kò gbé e mọ́. Abdulmojeed ti lọ Mẹ́kà lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Nígbà tí ọ́fíìsì tó ti ń ya àwòrán ilé rán an lọ ṣèpàdé ní Siwisalandi, ó ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé tí ìpàdé ọjọ́ mẹ́rin náà bá ti parí, òun yóò fi ọjọ́ mẹ́ta ìsinmi tí wọ́n fún òun lọ Mẹ́kà. Ó gba físà. Ó ra aṣọ funfun. Ìyá gbààwẹ̀ kí ọmọ lè lọ ire, kó sì bọ̀ ire.

Ọjọ́ tí ìpàdé parí ni wọ́n kó wọn lọ wo adágún, fún wákàtí méjì péré. Omi náà pa rọ́rọ́ débi pé òkè tó wà lókè ló tún wà nísàlẹ̀. Abdulmojeed ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, òtútù gbá a dé èjìká, ó bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Títí dé ibẹ̀, kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ó wá ya àwòrán kan, ó gbé e sórí Wọ́sáàpù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ayé ti wò ó, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ tí kì í dáhùn ìkíni rẹ̀ sì kọ̀wé pé, "Ọkùnrin ni ẹ́ o!"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Abdulmojeed rò ó lóru náà pé Mẹ́kà wà níbẹ̀ títí ayé, ṣùgbọ́n ta ló tún máa gbé òun wá sí etí adágún yìí? Nígbà tó di àárọ̀, ó yí tíkẹ́ẹ̀tì padà.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti abúlé kan bọ́ sí òmíràn. Lọ́jọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ rìn lọ́nà tóóró tó gba etí omi. Àwọn ilé onípákó ló ń wò, tí wọ́n to igi ìdáná sí ẹ̀gbẹ́ wọn gún régé débi tó fi ṣe é bí ìlara. Ní abúlé kan, ìyá arúgbó kan ń gbá iwájú ilé rẹ̀. Ìyá náà rí i pé Abdulmojeed ti ń mí gúlegúle, ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì kan fún un, ó wọlé lọ bu omi fún un wá, ó sì jókòó tì í. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Nígbà tí ìyá náà fẹ́ dìde, ó kọ́kọ́ fọwọ́ ti orúnkún méjèèjì, ó sinmi díẹ̀, kó tó nàró. Bí Àbẹ̀ḿbí ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyẹn. Abdulmojeed kò lè mu omi náà tán.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kẹta, nínú ọkọ̀ ojú omi, tí ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Àjàmú."

"Màámi."

"Mo ń gbọ́ omi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí ló ń dún gbàn-ùn gbàn-ùn yẹn?"

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ni. "Agogo ni, Mà."

"Ní Mẹ́kà?"

"Mi ò tíì débẹ̀. Ó kù díẹ̀, Mà."

"Tóò. Tó o bá débẹ̀, orúkọ mi méjèèjì ni kó o pè o. Mùtíátù Àbẹ̀ḿbí. Mùtíátù pọ̀ láyé, kí wọ́n má lọ kọ ọ́ fún ẹlòmíràn."

"N ó pè é, Mà."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló rọ omi adágún sínú ike kan, kó lè rí nǹkan gbé sí páálọ̀.

Nígbà tó dé Ìbàdàn, lọ́jọ́ tó máa lọ kí ìyá rẹ̀ ní Agbowó, ó yà ní Sábó, ó ra dàbínù, èso tí àwọn tó bá ti Mẹ́kà dé máa ń kó bọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kí ọwọ́ òun má ṣófo ni, àti pé kò síbi tí wọ́n ti ń ta dàbínù tí kì í ṣe dàbínù. Lateefat ìyàwó rẹ̀ ló gbé báàgì wọlé. Àṣé ike omi wà nínú rẹ̀, nítorí pé Abdulmojeed fẹ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Akóbọ̀ lẹ́yìn náà, kó lọ fi han ìyẹn.

Ìyá ló tú báàgì. Ó rí dàbínù, ó dúpẹ́. Ó rí ike omi, ó sì pariwo.

"Omi Samsam! Omi mímọ́ Mẹ́kà! Àjàmú, o rántí!"

Ó kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tí kì í jẹ́ kó kúnlẹ̀ kírun. Ó mu díẹ̀, ó fi díẹ̀ pa orúnkún, ó ń sunkún, ó ń ṣàdúrà fún ọmọ. Lateefat wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo aago ara ògiri.

Nínú mọ́tò, nígbà tí wọ́n fẹ́ẹ̀ dé ilé, Lateefat kọjú sí i.

"Bàbá Suhail, ta ló dì yín lẹ́nu mú?"

"Ṣé o ò rí bí inú wọn ṣe dùn tó ni?"

"Mo rí i. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bi yín."

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo Agbowó ti ń pe Àbẹ̀ḿbí ní Alájà. Ó bu omi náà fún àwọn obìnrin asalátù, ìdérí ike kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ní orúnkún òun ti fúyẹ́. Ní Bódìjà, àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde, fóònù Abdulmojeed kò kúrò lápò mọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ béèrè adágún, Abdulmojeed ní bátìrì ti kú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó yà kí ìyá rẹ̀. Ó bá a níwájú àpótí, aṣọ funfun kan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi wé ìyókù omi náà.

"Mo ní kí n tọ́jú èyí. Tí mo bá kú, kí wọ́n dà á mọ́ omi tí wọ́n máa fi wẹ̀ mí. Mo ti sọ fún Lateefat."

Abdulmojeed dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì sọ ọ́. Ó sọ ti tíkẹ́ẹ̀tì, ó sọ ti Sábó, ó sọ ti agogo. Ó ní, "Ẹ dáríjì mí, Mà."

Ìyá tú aṣọ náà, ó gbé ike sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Adágún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Abájọ." Ó gbé e kalẹ̀. "Orúnkún yìí ò fúyẹ́ rárá. Mo kàn ń wí fún wọn ni."

Kò rẹ́rìn-ín, ọmọ rẹ̀ náà kò sì gbójú sókè.

"Ìyẹn tèmi, èmi àti Ọlọ́run mi la jọ ni ín. Ọjọ́ mẹ́ta, Àjàmú. Kí lo rí níbẹ̀?"

Kò pe orúkọ abúlé kankan fún un. Ìyá arúgbó tó ń gbálẹ̀ nìkan ló sọ fún un, bẹ́ǹṣì rẹ̀, omi rẹ̀, àti bó ṣe ń fọwọ́ ti orúnkún.

"Òun náà?"

"Òun náà, Mà."

"Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà." Ó mí kanlẹ̀. "Nígbà tó o rí i bẹ́ẹ̀, o ò rántí mi?"

"Mo rántí yín, Mà."

"O rántí mi, o tún dúró."

Ọmọ rẹ̀ ní, "N ó tún lọ, Mà. Lọ́dún tó ń bọ̀."

"Bí èmi náà ṣe máa ń wí nìyẹn. Dìde. Obìnrin méje ló gba omi yìí lọ́wọ́ mi. Ìyá Islamiat ló wà nílé báyìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n lórí fóònù."

"Fóònù lo fi sọ fún èmi náà pé ó kù díẹ̀."

Ó di apá ọmọ rẹ̀ mú. Ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn àti Ìyá Islamiat, wọ́n sì rìn ín pẹ́. Àwọn èèyàn ń kí wọn lọ́tùn-ún lósì, "Alájà, ẹ kú orí ire ọmọ!" Lójú ọ̀nà yìí, ìyá kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ẹnu ọ̀nà ni Ìyá Islamiat ti pàdé wọn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ dúró tì í, iwájú orí ọmọ náà tutù.

"Alájà wa! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi yín yẹn pa Hamidah lórí tán ni, ó ń lọ ṣèdánwò."

Àbẹ̀ḿbí rọra jókòó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

"Ìyá Islamiat, ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá yín sọ. Èmi náà ní tèmi. Ṣùgbọ́n òun ni yóò kọ́kọ́ sọ."